"A Dúpẹ́" Kì í Ṣe Ìtẹ́lọ́rùn

Bí ènìyàn bá bi Yorùbá pé, "Báwo ni nǹkan?", ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni "A dúpẹ́." Opó tí ó sin ọkọ rẹ̀ ní ìjẹta yóò ní òun dúpẹ́. Aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn yóò ní òun dúpẹ́. Oníṣòwò tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, kí omijé tó bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹni tí a tọ́ dáadáa kì í sọ ẹrù ìbànújẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ. Mo fẹ́ràn àṣà yìí, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni bú u. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé àwọn kan ń kó ìdáhùn ọmọlúàbí yìí jọ, wọ́n ń kà á ní ení, èjì, wọ́n sì ń pè é ní ẹ̀rí. Àwọn ni mo fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ kò ju báyìí lọ. A pè mí sí ìpàdé kan lórí ètò ẹ̀kọ́ àjọṣe fún gbígba oyè ọ̀mọ̀wé, irú èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà, tí a ń pè ní sẹ́mínárì, àti yunifásítì jọ ń ṣe pọ̀. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì. Wọn kò sí lára àwọn tí orúkọ wọn yóò jẹ yọ níwájú, àṣìṣe wọn kì í sì í ṣe tiwọn nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń darí ètò náà dìde, ó ní àwọn ti pín ìwé ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó sàmì sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé ètò náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́, nítorí pé mo mọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó sàmì náà.

Kí n tó sọ ti ẹni náà, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí mo dúró sí hàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀tá àjọṣe ni mí. Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a kò ní mẹ́nu ba àjọṣe ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà àti yunifásítì. Ní 1827 ni àwọn CMS dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní Freetown láti kọ́ àwọn oníwàásù àti olùkọ́. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ní 1876 ni wọ́n so ilé-ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọmọ Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí gba oyè yunifásítì láì kúrò ní ilẹ̀ wọn. Geoffrey Parrinder, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní Ìbàdàn ní 1949, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni. Ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ní Àjàṣẹ́, tí ayé ń pè ní Porto-Novo, ni ó ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀. Bọ́lájí Ìdòwú, tí ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde ní 1962, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni òun náà; ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ó sì di olórí ìjọ rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Bí a bá yọ àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn kan wà nínú ìjọ, tí ẹsẹ̀ kejì sì wà nínú yunifásítì, ohun tí yóò ṣẹ́ kù nínú ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀sìn Yorùbá yóò kéré púpọ̀.

Yunifásítì Ìbàdàn gan-an, ta ni kò mọ̀ pé lábẹ́ ẹlòmíràn ni ó ti dàgbà? Láti 1948 títí di 1962, kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì London ni. Oyè London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà. Lónìí, òun náà ti di baba ìsàlẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn: òun ni ó fi àṣẹ sí oyè àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà bíi Immanuel College àti Sẹ́mínárì SS. Peter and Paul ní Ìbàdàn níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ti wà láti 1898, ti gba oyè nígbà kan rí lábẹ́ àṣẹ Southern Baptist Theological Seminary ní Louisville, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí náà, àjọṣe kì í ṣe ohun tuntun, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tí mo ń bá jà ni àjọṣe tí kò ní ààlà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí oko baba àti ọmọ bá ní ààlà, mélòó-mélòó ni oko ìjọ àti ti yunifásítì?

Wàyí o, ẹni tí mo ń sọ. Pásítọ̀ ni ní ìletò kan tí kò jìnnà sí Iléṣà. Ní 2016 ni ó forúkọ sílẹ̀ fún ètò náà, wọ́n sì sọ fún un pé ọdún mẹ́rin ni yóò gbà á. Ohun tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí ni àwọn orin tí ó jáde nínú ìsọjí ńlá tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ọ̀yẹ̀, ní Iléṣà, ní oṣù keje ọdún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń wọ́ wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti láti òkèèrè. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wá sí ilé mi ní Dàda Estate, ní Òṣogbo, láti sọ èrò rẹ̀ fún mi, inú mi dùn. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹnì kan ti ṣe tipẹ́ ni. Àwọn tí ó fi ojú ara wọn rí 1930 ti lọ, àwọn ọmọ wọn tí ó gbọ́ orin náà lẹ́nu wọn sì ń darúgbó.

Pásítọ̀ ní alábòójútó kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà, ó ní òmíràn ní yunifásítì. Ó kó orí kẹta iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó gbà á padà, ó mú un wá hàn mí. Ti ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà kọ ọ́ sí etí ìwé pé: níbo ni Ẹ̀mí Mímọ́ wà nínú gbogbo èyí? Ti yunifásítì kọ ọ́ sí etí ojú-ìwé kan náà pé: yọ ìwàásù kúrò. Mo bi í pé, "Pásítọ̀, èwo ni ẹ ó wá ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́ ní oríṣi méjì, mà." Òótọ́ ni. Àpò méjì ni ó gbé wá: orí kẹta tí ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ nínú wà nínú ọ̀kan, orí kẹta tí kò ní in wà nínú èkejì. Ọkùnrin kan ń kọ ìwé méjì láti gba oyè kan ṣoṣo.

Èyí kò tíì burú tó. Owó ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni ó ń san. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yan iṣẹ́ lódì ní 2020, tí ó gbà wọ́n ní oṣù mẹ́sàn-án, àti ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ìlẹ̀kùn yunifásítì tì, ṣùgbọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ṣí sílẹ̀, owó rẹ̀ sì ń lọ. N kò bá àwọn tí ó yan iṣẹ́ lódì jà. Olùkọ́ yunifásítì ni mí, mo mọ ohun tí ojú wa rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé kan ń ka ọdún fún un, ilé kejì kò kà á. Ní ilé kan, ó ti pẹ́ jù, wọ́n ń kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i. Ní ilé kejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá lọ bèèrè ní ibi kan, wọ́n á ní kí ó lọ bi ibi kejì. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wá dé ọ̀dọ̀ mi ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí pé kò yẹ kí ẹni tí ó ń na ìka sí ẹlòmíràn fi ọwọ́ kejì pamọ́. Pásítọ̀ ti rí ìyá àgbà kan tí ìyá tí ó bí i lọ́mọ wà ní Òkè-Ọ̀yẹ̀ ní 1930. Ìyá náà kọ orin mẹ́sàn-án fún un, ó ní mọ́kànlá ṣì kù, pé kí ó padà wá. Pásítọ̀ kọ orin mẹ́sàn-án náà sílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé, ó sọ ọ́ di orí kẹrin. Alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ní kí ó má padà lọ sí pápá ìwádìí títí yunifásítì yóò fi fọwọ́ sí orí náà. Yunifásítì ní àwọn kò lè fọwọ́ sí i títí onímọ̀ èdè Yorùbá yóò fi yẹ àmì ohùn àti ìtumọ̀ àwọn orin náà wò. Èmi ni onímọ̀ èdè Yorùbá náà.

Oṣù márùn-ún ni orí ìwé yẹn fi wà lórí tábìlì mi. Kì í ṣe pé mo ń ṣàìsàn. Mo ní ìwé ìdánwò láti máàkì, mo ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi. Ní ọkàn mi, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlòmíràn ni pásítọ̀. Àwọn tí ó ni ín wà níbìkan. Alábòójútó kìíní sì rò pé ti èkejì ni, èkejì rò pé ọwọ́ mi ni ó wà. Nígbà tí mo dá a padà, iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni ó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé àṣẹ jáde pé kí pásítọ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Wọ́n ti sin ìyá náà ní oṣù kan ṣáájú.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ni a jẹ́ ní ọjà yìí, orí ọmọ sì wọ́ lójú wa, nítorí pé olúkúlùkù wa rò pé ẹnìkejì ni ó pọn ọmọ náà.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n pín ìwé ìbéèrè. Pásítọ̀ sàmì sí i pé ètò náà tẹ́ òun lọ́rùn. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹni tí ó fún mi ní ìwé ìbéèrè náà ni yóò fọwọ́ sí iṣẹ́ mi." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Àti pé, ẹ mọ̀ pé pásítọ̀ ni mí. Kí ni ìjọ yóò sọ bí wọ́n bá gbọ́ pé mò ń kùn?" Ìdí méjì nìyẹn, ìkínní jẹ́ ìbẹ̀rù, ìkejì jẹ́ ìwà ọmọlúàbí. Kò sí ìtẹ́lọ́rùn nínú ọ̀kankan. Ìbéèrè ti ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú kò yàtọ̀ sí àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an wò. Ọrùn wà nínú ìtẹ́lọ́rùn. Nígbà tí a bá ní nǹkan tẹ́ ni lọ́rùn, ohun tí èmi máa ń rí ni ẹrù tí ó jókòó dáadáa lórí ẹni tí ó rù ú, tí ọrùn rẹ̀ kò yẹ̀. Ẹni tí ó ti ru igi tàbí omi rí mọ̀ pé ẹrù wúwo lè tẹ́ ni lọ́rùn bí a bá dì í dáadáa. Ẹrù fúyẹ́ sì lè yọ ọrùn lẹ́nu bí ó bá fì sí apá kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní oyè ọ̀mọ̀wé kò gbọdọ̀ le kò gbọ́ mi yé. Kí ó le. Kí ẹrù náà wúwo. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó dì í jẹ́ ẹnì kan, kí a sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí pásítọ̀ ní kì í ṣe ìtẹ́lọ́rùn, ìfaradà ni, ìwé ìbéèrè náà kò sì ní àyè fún ìfaradà.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwé ìbéèrè náà kò lè rí. Ta ni a fún? Àwọn tí ó ṣì wà nínú ètò náà ni. Àwọn tí ó ti sá kúrò ní ọdún kẹta, tí owó tán lọ́wọ́ wọn, tí alábòójútó wọn fẹ̀yìntì tí a kò sì yan òmíràn, kò sí wọn níbẹ̀ láti sàmì. Bí a bá ka kìkì àwọn tí ó dé èbúté, a ó ní ọkọ̀ náà dára, a kò sì ní mọ iye àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ omi.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ń kọ́ni ní àṣà Yorùbá ni a ń ṣe báyìí, nítorí pé àwọn baba wa mọ bí àgbà méjì ṣe ń jọ tọ́ ọmọ kan sínú ìmọ̀. Nígbà tí a bá ń tẹ ènìyàn nífá, olúwo wà, ojùgbọ̀nà wà. Àgbà ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ipò wọn kì í ṣe ọ̀kan, a kì í sì í dà wọ́n pọ̀. Olúwo ni olórí. Ojùgbọ̀nà ni igbákejì tí ó ń tọ́ ọmọ awo sọ́nà. Ọmọ awo mọ ẹni tí ó ń pè ní olúwo òun títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí a bá bi í pé ta ni ó tẹ̀ ọ́, kò ní ní kí a lọ bèèrè ní ọ́fíìsì kejì.

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ Ifá kò bá ti àlùfáà mu, ẹ wá sí àdúgbò mi. Télọ̀ kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ilé mi. Kí ó tó gba ọmọ iṣẹ́, yóò pe òbí ọmọ náà, yóò pe ẹlẹ́rìí, wọn yóò sì kọ ìwé àdéhùn: iye ọdún tí ọmọ yóò lò, iye owó, ohun tí ọ̀gá yóò kọ́ ọ, ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Bí ọ̀gá bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ìwé náà wà nílẹ̀ tí òbí yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí kò kọjá ìwé mẹ́wàá. Mo ti bi pásítọ̀ léèrè bóyá wọ́n fún un ní ìwé kan tí ó sọ òfin ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò borí bí méjèèjì kò bá fohùn ṣọ̀kan. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Dàda Estate ní ààbò ju ẹni tí ó ń kọ́ láti di ọ̀mọ̀wé lọ.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Àwọn kan yóò ní àlùfáà ni wọ́n, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ìfaradà. Ìwà rere ni ìfaradà jẹ́ fún ẹni tí ó ń fara dà á. Kò sọ ẹni tí ó ń ni ín lára di ènìyàn rere. Ìyá àgbà tí ó kú kò bá wa ṣe àdéhùn ìfaradà kankan.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ìjọ kúkú dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ kí wàhálà tán. Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi dá Bowen sílẹ̀ ní Ìwó ní 2001. Dominican Institute ní Ìbàdàn, tí ó ti gba oyè lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, gba àṣẹ láti di yunifásítì fúnra rẹ̀ ní 2016. Ní ilẹ̀ Ghana, ilé-ẹ̀kọ́ tí Kwame Bediako dá sílẹ̀ ní Akropong ní 1987, tí ó ń jẹ́ orúkọ àwọn onímọ̀ èdè Twi méjì, Akrofi àti Christaller, kọ́kọ́ bá Yunifásítì Natal ní South Africa ṣe àjọṣe lórí oyè gíga, kí ó tó gba àṣẹ tirẹ̀. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ni ó lágbára bẹ́ẹ̀, èmi kò sì fẹ́ kí gbogbo wọn ṣe é. Ìbéèrè méjèèjì tí àwọn alábòójútó pásítọ̀ bi í, ìbéèrè gidi ni. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń kọ̀wé lórí Òkè-Ọ̀yẹ̀ dáhùn sí ti ẹni tí ó gbàgbọ́ àti ti ẹni tí ó ń wá ẹ̀rí. Àǹfààní àjọṣe gan-an nìyẹn. Àbùkù wa ni pé a kò jẹ́ kí àwọn oníbèéràn méjèèjì jókòó sínú yàrá kan. A rán akẹ́kọ̀ọ́ láti máa ru ìjà wọn káàkiri nínú àpò méjì.

Àwọn kan yóò sì ní ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé yunifásítì ńlá fọwọ́ sí oyè náà, pé ìyókù kò jẹ́ nǹkan. Kí wọ́n rántí University of Wales. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni yunifásítì yẹn fi ń fọwọ́ sí oyè fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn káàkiri ayé. Oxford Centre for Mission Studies, níbi tí ọ̀pọ̀ àlùfáà láti Áfíríkà ti kàwé, wà lára àwọn tí ó bá a ṣe. Ní 2011, nígbà tí àléébù jáde lára díẹ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú fífọwọ́ sí oyè fún àwọn ẹlòmíràn. Oxford Centre rí yunifásítì mìíràn, Middlesex, bá ṣe. Ẹ wo bí ìfọwọ́sí tí ayé ń yangàn sí ṣe lè yí padà láàárín ọdún kan. Orúkọ ńlá kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ìwé àdéhùn tí ó yéni ni ó ń dáàbò boni.

Kí ni mo wá ń fẹ́? N kò béèrè ohun tí apá kò ká. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá forúkọ sílẹ̀, kí a fún un ní ìwé kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì fọwọ́ sí, tí ó sọ òfin tí yóò borí nígbà tí méjèèjì bá takora. Kí ó ní olúwo kan, kí ó ní ojùgbọ̀nà kan, kí àtúnṣe sì máa ti ọwọ́ olúwo nìkan jáde, lẹ́yìn tí òun àti ojùgbọ̀nà bá ti jọ jà án tán láàárín ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni tí a bá fún ní orí ìwé, àti èmi náà, ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kà á. Bí ọjọ́ bá pé tí kò kà á, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí a sì kọ orúkọ ọ̀lẹ náà sílẹ̀. Kí owó jẹ́ ẹyọ kan, kí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì lọ pín in níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sí. Bí ilẹ̀kùn kan bá tì, kí òǹkà ọdún dúró ní èkejì. Bí olùkọ́ kò bá tó láti ṣe gbogbo èyí, kí a gba akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀.

Ní ti ìwé ìbéèrè, n kò ní kí a má pín in mọ́. Kí ẹni tí kò ní àṣẹ kankan lórí akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò pín in, kí ó sì fún àwọn tí ó ti kúrò pẹ̀lú. Kí ó má ṣe bèèrè bóyá ètò náà tẹ́ ènìyàn lọ́rùn. Yorùbá yóò dúpẹ́. Kí ó bèèrè ohun tí ọpẹ́ kò lè bò mọ́lẹ̀: ìgbà wo ni o kó orí ìwé rẹ kẹ́yìn, ìgbà wo ni o gbà á padà? Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ní kí o lọ bi ọ́fíìsì kejì? Ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn alábòójútó rẹ méjèèjì ti jókòó pẹ̀lú rẹ ní ọjọ́ kan náà? Lẹ́tà wo ni o kọ tí a kò dá lóhùn? Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kò kùn. Ó kàn ka ọjọ́ ni.

Ní 2024 ni pásítọ̀ gba oyè rẹ̀, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀. Mo lọ síbi ayẹyẹ náà. Ó wọ aṣọ oyè, ìyàwó rẹ̀ ró aṣọ àǹkárá kan náà pẹ̀lú àwọn ará ìjọ, a jẹ, a mu. Àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n jọ ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Mo sún mọ́ ọn, mo kí i kú oríire, mo sì bi í, bí a ti í bi ara wa, pé báwo ni nǹkan.

Ó ní, "A dúpẹ́, mà."

Mo ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ nílé báyìí. Orin mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀.